Ìtàn Tí Kò Ní Oríkì: Lámèyítọ́ Ìpolówó Ìrẹsì Èkó láti Ìkòròdú

Àṣamọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ṣe lámèyítọ́ ọ̀nà tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó gbà sọ ìtàn ìrẹsì rẹ̀ fún àwọn tó ń rà á, láti ìgbà LAKE Rice ní ọdún 2016 títí di ìgbà tí wọ́n ṣí ilé-iṣẹ́ ìrẹsì Ìmọ̀tà ní Ìkòròdú ní ọdún 2023. Ìpolówó ọjà àti oríkì, gẹ́gẹ́ bí Yorùbá ṣe ń lò wọ́n, ni òṣùwọ̀n tí a fi wọn iṣẹ́ náà. Ìrẹsì Ọfàdà ni a sì fi wé e. Àpilẹ̀kọ náà fi hàn pé ìbéèrè ìjọba ni ìtàn náà dáhùn, pé ìbéèrè ẹni tó ń se ìrẹsì sì ṣì wà nílẹ̀ láìní ìdáhùn. Ó tún fi hàn pé ìyàtọ̀ tí Yorùbá fi sáàárín ìtàn àti àlọ́ lè ran ẹni tó ń ta oúnjẹ lọ́wọ́ láti mọ ohun tó tọ́ kí ó sọ.

1. Ìfáàrà

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, Ààrẹ Muhammadu Buhari wá sí Ìmọ̀tà ní agbègbè Ìkòròdú láti ṣí ilé-iṣẹ́ ìrẹsì tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kọ́ síbẹ̀. Ìjọba kéde pé ẹ̀rọ ibẹ̀ lè ṣe tọ́ọ̀nù 32 láàárín wákàtí kan, àti pé bí gbogbo rẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, àpò oníkílò 50 tí yóò máa jáde níbẹ̀ lọ́dún kan yóò tó mílíọ̀nù 2.5. Orúkọ tí wọ́n fún ìrẹsì náà ni Eko Rice. Ṣáájú ìgbà náà, ní oṣù Kejìlá ọdún 2016, ìjọba ìpínlẹ̀ kan náà ti bá ìjọba Ìpínlẹ̀ Kebbi pawọ́ pọ̀ gbé ìrẹsì mìíràn jáde, wọ́n sì pe ìyẹn ní LAKE Rice.

Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé àti àwọn oníròyìn ti sọ púpọ̀ lórí ìrẹsì méjèèjì yìí. Ojú tí àpilẹ̀kọ yìí fi wò ó yàtọ̀. Ìrẹsì tí a ń tà gbọ́dọ̀ ní orúkọ. Ó gbọ́dọ̀ ní ìtàn tí a fi ń tà á. Ẹnìkan sì gbọ́dọ̀ wà tí a ń sọ ìtàn náà fún. Orúkọ, ìtàn àti ẹni tí a ń sọ̀rọ̀ fún jẹ́ ohun tí àwọn onímọ̀ èdè àti lítíréṣọ̀ Yorùbá ti ń ṣiṣẹ́ lé lórí tipẹ́. Kò sí ìdí tí wọn kò fi lè yẹ ọ̀rọ̀ tí a kọ sára àpò ìrẹsì wò bí wọ́n ṣe ń yẹ ewì wò.

Ọ̀rọ̀ náà kì í sì í ṣe ti èdè nìkan. Owó àwọn ará ìlú ni a fi kọ́ ilé-iṣẹ́ Ìmọ̀tà. Ìrètí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni pé kí oúnjẹ tí Èkó ń jẹ má ṣe dúró lórí ọkọ̀ ojú omi tó ń bọ̀ láti Éṣíà, kí àgbẹ̀ ilẹ̀ yìí rí ẹni ra ìrẹsì rẹ̀, kí iṣẹ́ náà sì lè máa bá a lọ lẹ́yìn tí ìjọba tó dá a sílẹ̀ bá ti lọ. Èyí kò lè ṣeé ṣe bí ẹni tó ra àpò kìn-ín-ní kò bá padà wá ra èkejì. Àpilẹ̀kọ yìí gbà pé ohun tó ń mú oníbàárà padà wá wà nínú ìmọ̀ kan tí àwọn oníṣòwò Yorùbá ti ní láti ọjọ́ pípẹ́, àti pé ìmọ̀ yìí gan-an ló ṣọ̀wọ́n nínú ìtàn tí ìjọba sọ.

2. Ìpolówó gẹ́gẹ́ bí ìmọ̀ nípa oníbàárà

Nínú ìwé rẹ̀ lórí ewì alohùn Yorùbá tó jáde ní ọdún 1984, Ọlátúndé Ọlátúnjí ya àwọn ẹ̀yà ewì bí oríkì, ẹsẹ̀ Ifá, ọfọ̀, òwe àti àlọ́ àpamọ̀ sọ́tọ̀, ó sì ṣàlàyé àbùdá wọn. Ìpolówó ọjà kò rí àyè láàárín wọn, bẹ́ẹ̀ òun ni ewì tí ọmọ Yorùbá ń gbọ́ jù lọ ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Bóyá nítorí pé ó kúrú ni, tàbí nítorí pé owó ni a fi ń wá, àwọn ènìyàn máa ń kà á sí ariwo lásán.

Ẹni tó bá fetí sí ìpolówó dáadáa yóò rí i pé ó ní ètò. Ẹni tó ń kiri ẹ̀kọ, mọ́ínmọ́ín tàbí àgbàdo sísè kì í sábà sọ ibi tó ti rí ẹrù rẹ̀ tàbí bí ìkòkò tó fi sè é ti tóbi tó. Ó ń sọ pé ó gbóná, pé ó dùn, pé ó rọ̀ lẹ́nu, pé epo tàbí iyọ̀ rẹ̀ ṣe déédéé. Ó ń sọ iye owó tó kéré jù lọ tí ènìyàn lè mú wá. Nígbà mìíràn, ó ń pe ẹni tí ọjà náà bá mu gan-an: ìyá ọlọ́mọ, akẹ́kọ̀ọ́, ẹni tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Gbólóhùn kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdáhùn sí ìbéèrè tí oníbàárà kò tí ì bi í. Ẹni tó jókòó sínú ilé ń rò ó bóyá ẹ̀kọ náà ti tutù. Kí ó tó jáde láti béèrè, ohùn ti dá a lóhùn láti ìta pé kò tutù. Láti lè dáhùn ìbéèrè tí a kò bi ènìyàn, ènìyàn gbọ́dọ̀ ti mọ oníbàárà rẹ̀. Nítorí náà, nínú ìpolówó, ọ̀rọ̀ sísọ àti ìmọ̀ nípa oníbàárà kì í ṣe iṣẹ́ méjì. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kò lè polówó fún un.

Inú ọjà ni ìmọ̀ yìí ti ń wá. Niara Sudarkasa, tó ṣe ìwádìí nípa àwọn obìnrin oníṣòwò ní ìlú Awẹ́ tó sì tẹ ìwé rẹ̀ Where Women Work jáde ní ọdún 1973, jẹ́ kí ó hàn pé òwò obìnrin Yorùbá kò ṣeé yà kúrò lára ilé àti ẹbí rẹ̀. Ẹni tó ń ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́ aládùúgbò, ọmọ ìjọ, àna tàbí ìyá ọmọ tí ọmọ tirẹ̀ ń bá lọ sílé-ìwé. Àwìn tí onírẹsì bá tà jẹ́ ẹ̀rí pé ó mọ ìgbà tí owó ń wọlé fún oníbàárà. Ènì tó fi lé kóńgò jẹ́ ẹ̀rí pé ó rántí ẹni tó máa ń padà wá. Nígbà tí ó bá sọ fún un pé ìrẹsì ọ̀sẹ̀ yìí kò wú bí ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, pé kí ó dín omi rẹ̀ kù, ó ti pàdánù èrè díẹ̀ lónìí kí ó má bàa pàdánù oníbàárà lọ́la. Ohun tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ń san owó fún kí a bá wọn ṣe ìwádìí rẹ̀, onísọ̀ ti ní in lórí ìjókòó rẹ̀.

Oríkì ni ohun kejì tí a nílò. Karin Barber, nínú ìwé rẹ̀ lórí oríkì ní ìlú Òkukù, èyí tó jáde ní ọdún 1991, ṣàlàyé pé oríkì àti ìtàn jẹ́ ẹ̀yà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tó gbára lé ara wọn. Oríkì kúrú, ó sì máa ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́. Ìtàn ló ń tú u. Ṣùgbọ́n oríkì ni ènìyàn ń gbé lọ. Ìtàn lè wà lẹ́nu àwọn àgbà díẹ̀. Oríkì wà lẹ́nu ẹni gbogbo, ó sì ń fi ohun tó jẹ́ kí nǹkan yàtọ̀ sí ẹgbẹ́ rẹ̀ hàn. A ní oríkì ìlú, ti ẹranko, ti oúnjẹ. Bí a bá gbé ọ̀rọ̀ yìí wá sí ọjà, a lè sọ pé ọjà tó ní ìtàn ṣùgbọ́n tí kò ní oríkì jẹ́ ọjà tí a lè ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn oníròyìn, síbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè fi ọ̀rọ̀ méjì pè é fún aládùúgbò rẹ̀.

3. LAKE àti Eko: orúkọ tí a kò wo ilé sọ

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. LAKE jẹ́ àgékúrú Lagos àti Kebbi. Ilé tí wọ́n wò kí wọ́n tó sọ orúkọ náà ni ilé ìjọba méjì tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Ẹni tó gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì lè rò pé adágún omi ni wọ́n ń tọ́ka sí. Ẹni tí kò gbọ́ ọ kò rí nǹkan kan mú nínú rẹ̀. Orúkọ náà kò sọ bí ìrẹsì ṣe rí, kò sọ ilẹ̀ tó ti hù, kò sì sọ ẹni tó yẹ kí ó jẹ ẹ́. Kí a fi orúkọ Mama Gold wé e, èyí tí àwọn ará ọjà ti mọ̀ tipẹ́. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ìyẹn náà, ṣùgbọ́n ó pe ìyá, ẹni tó ń se ìrẹsì, ó sì so ó mọ́ wúrà, ohun tí kì í dípẹtà. Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ ti ronú nípa ẹni tó wà nídìí iná.

Eko Rice sàn ju LAKE lọ, nítorí ó pe ìlú tí àwọn oníbàárà ń gbé. Síbẹ̀, ètò ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ yẹ ní àkíyèsí. Nínú àpólà orúkọ Yorùbá, ohun tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ó máa ń ṣáájú, kí ẹ̀yán tó tẹ̀ lé e: ìrẹsì Ọfàdà, gààrí Ìjẹ̀bú, ẹja Ẹ̀pẹ́. Bí ènìyàn ṣe ń pè é lọ́jà nìyẹn, ìbáà jẹ́ ìrẹsì ló pè é tàbí ráìsì. Eko Rice tẹ̀ lé ètò èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó sì fi ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo sínú rẹ̀. Orúkọ tí a kọ fún ojú ni. A kò kọ ọ́ fún ẹnu. Ó dára láti rántí pé nígbà tí ìjọba kan náà bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n fi ń ta oúnjẹ ní ẹ̀dínwó ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́jọ́ Àìkú, ní oṣù Kẹta ọdún 2024, wọ́n pè é ní Ounjẹ Eko. Orúkọ yẹn tẹ̀ lé ètò Yorùbá, ó sì rọrùn láti pè. Ìgbà tí oúnjẹ wọ́n gógó tí ìlú sì ń ké ni wọ́n sọ ọ́. Ó jọ pé ẹni tó sọ ọ́ ti gbọ́ ohùn àwọn tó ń ké.

Ìtàn tí a fi ti àwọn orúkọ wọ̀nyí lẹ́yìn náà ní àbùdá tirẹ̀. Ìtàn ìṣẹ́gun ni: orílẹ̀-èdè tó ń ra oúnjẹ láti òkèèrè yóò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. A mọ ìgbà tí ìtàn náà jẹ yọ. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2015, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà fi ìrẹsì sára ẹrù 41 tí wọn kò ní ta owó ilẹ̀ òkèèrè fún mọ́. Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò ìyáwó fún àwọn àgbẹ̀ ní Kebbi. Ní ọdún 2016, wọ́n fòfin de ìrẹsì tó ń gba orí ilẹ̀ wọlé. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, wọ́n ti ẹnubodè pa. Nínú ìtàn yìí, akọni ni ìjọba, ọ̀tá ni ìrẹsì òkèèrè, ẹ̀rọ Ìmọ̀tà ni ohun ìjà. Oníbàárà kò ní ipò nínú rẹ̀ ju ẹni tí a ń gbà là lọ. Kò sí ibi tí a ti bi í léèrè ìdí tó fi ń ra ìrẹsì òkèèrè.

Ó sì ní ìdí. Ìrẹsì òkèèrè kì í ní òkúta. Ó gbẹ dáadáa, hóró rẹ̀ dọ́gba, ẹni tó ń sè é mọ iye omi tí yóò gbà. Ìdí wọ̀nyí kì í ṣe ìkórìíra ilẹ̀ ẹni. Ìyá olóúnjẹ tó ń tajà níwájú àwọn ilé-iṣẹ́ ní Odogunyan, nínú Ìkòròdú Industrial Estate, ní wákàtí kan péré tí àwọn òṣìṣẹ́ yóò fi jáde wá jẹun. Bí ìrẹsì rẹ̀ bá di ẹ̀kọ, kò sí ìgbà láti gbé òmíràn kaná. Bí oníbàárà bá ta eyín mọ́ òkúta, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ yóò lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn lọ́la. Ohun tí olóúnjẹ fẹ́ mọ̀ nípa àpò ìrẹsì ni bó ṣe ń wú: abọ́ mélòó ni yóò jáde nínú kóńgò kan? Tọ́ọ̀nù mélòó ni ẹ̀rọ ń ṣe ní wákàtí kan kò kàn án. Láti Odogunyan sí Ìmọ̀tà kò jìnnà. Agbègbè Ìkòròdú kan náà ni. Síbẹ̀ nínú ìtàn tí a fi ń ta ìrẹsì náà, a kò bá olóúnjẹ yìí pàdé.

4. Iye owó gẹ́gẹ́ bí oríkì kan ṣoṣo

Ẹnìkan lè takò èrò yìí pé tálákà kò nílò ìtàn tàbí oríkì, pé ìrẹsì tó pọ́ọ́kú ni ó nílò. Àtakò yìí lágbára, ó sì yẹ kí a dá a lóhùn. Nígbà tí LAKE Rice jáde, ₦12,000 ni wọ́n ta àpò oníkílò 50 rẹ̀, ₦6,000 ni oníkílò 25, ₦2,500 sì ni oníkílò 10, ní ìgbà tí owó àpò ìrẹsì mìíràn ti lọ sókè gan-an lọ́jà. Àwọn ènìyàn tò láti rà á. Bí ìpolówó bá jẹ́ láti mú kí ènìyàn wá, ìpolówó náà ṣiṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a wo ohun tí iye owó náà sọ. Èkíní, ó sọ ẹni tí a ní lọ́kàn. Bí a bá ṣírò rẹ̀, ẹni tó ra kílò 50 san ₦240 lórí kílò kan, ẹni tó ra kílò 10 sì san ₦250. Ìyàtọ̀ náà kéré, ṣùgbọ́n apá ibi tó tẹ̀ sí hàn gbangba: ẹni tó lówó láti ra púpọ̀ ló rí ẹ̀dínwó. Ẹni tó ń ra kóńgò kan tàbí dẹ́ríkà kan kò sí nínú ìṣirò náà rárá. Ọ̀pọ̀ ilé ní Èkó ni ó sì ń ra ìrẹsì báyìí, lọ́wọ́ aláròóbọ̀ tó tú àpò rẹ̀ sínú abọ́ ńlá. Lójú ẹni tó ń ra dẹ́ríkà, àpò tí a kọ orúkọ sí ti wà lẹ́yìn ìsọ̀. Ohun tó ń rí ni ìrẹsì fúnra rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ ẹnu aláròóbọ̀. Bí aláròóbọ̀ náà kò bá ní gbólóhùn kan láti sọ nípa ìrẹsì Èkó, orúkọ rẹ̀ ti parí sára àpò. Ẹ̀rí agbára ọjà wà nínú ọ̀rọ̀ dẹ́ríkà gan-an: orúkọ ilé-iṣẹ́ kan tó ń ta tòmátì inú agolo ni tẹ́lẹ̀, àwọn ará ọjà ló sọ agolo náà di òṣùwọ̀n. Ohun tí ọjà bá gbà, ọjà fúnra rẹ̀ ni yóò máa polówó rẹ̀.

Èkejì, iye owó jẹ́ oríkì tí kì í pẹ́ nílẹ̀. Ìrẹsì tí a mọ̀ sí olówó pọ́ọ́kú nìkan kò ní orúkọ mìíràn ní ọjọ́ tí owó rẹ̀ bá gòkè. Ìrẹsì yòówù tí a bá ń ṣe ní Nàìjíríà sì gbọ́dọ̀ fara gbá ìṣòro epo, iná mànàmáná, ọ̀nà àti àìríná owó náírà. Ìjọba lè fi owó dí ihò náà fún ìgbà díẹ̀. Kò lè dí i títí. Nítorí náà, àtakò tó sọ pé owó nìkan ló ṣe pàtàkì ń ti èrò àpilẹ̀kọ yìí lẹ́yìn: bí owó nìkan bá ni ìdí tí ènìyàn fi rà á, a kò tí ì ní oníbàárà, ẹni tó wá gba ẹ̀dínwó ni a ní.

5. Ọfàdà: oríkì tó ṣáájú ilé-iṣẹ́

Ọfàdà jẹ́ ìlú kan ní Ọbáfẹ́mi-Owódé ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ìrẹsì tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ kì í funfun bí ti òkèèrè, nítorí pé a kì í bó o kanlẹ̀. Ojú pupa máa ń wà lára ọ̀pọ̀ hóró rẹ̀. Òjò ni ó ń mu lóko, kò nílò kí a fa omi sí i. Ó ní òórùn tirẹ̀, èyí tó máa ń wá láti inú rírẹ tí a ń rẹ ẹ́ sómi kí a tó bọ̀ ọ́. Ìrẹsì òkèèrè ni a máa ń yìn pé kò ní òórùn. Ọfàdà ni a máa ń yìn nítorí òórùn rẹ̀. Ewé ni a ń fi pọ́n ọn, ọbẹ̀ ata aláwọ̀ ewé tàbí ọbẹ̀ ata tí ìrú wà nínú rẹ̀ ni a ń fi jẹ ẹ́.

Kí a kíyèsí bí nǹkan wọ̀nyí ṣe so mọ́ra. Orúkọ ìlú, òórùn, ewé àti ọbẹ̀: ẹni tó dárúkọ ọ̀kan ti mú ìyókù wá sí ìrántí. Bí oríkì ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an nìyẹn. A kò mọ ilé-iṣẹ́ ìpolówó kan tó kó wọn jọ; àwọn tó ń sè é àti àwọn tó ń jẹ ẹ́ ló kó wọn jọ. Ohun tí àwọn òǹkọ̀wé òde òní ń pè ní oúnjẹ tí kò ba àyíká jẹ́, bíi oko tí òjò ń bomi rin àti ewé tó ń jẹrà dípò ọ̀rá, ti wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń ra Ọfàdà nítorí àyíká. Wọ́n ń rà á nítorí pé ewé náà ń fi òórùn kún un. Ẹ̀kọ́ ńlá nìyí fún ẹni tó fẹ́ ta oúnjẹ tó bójú mu fún ilẹ̀ àti omi: ohun tó ṣe ilẹ̀ lóore gbọ́dọ̀ di adùn lẹ́nu kí ó tó di ọ̀rọ̀ lẹ́nu.

A kò gbọdọ̀ sọ Ọfàdà di òrìṣà. Òkúta inú rẹ̀ pọ̀ nígbà kan débi pé òun ni ẹ̀gàn rẹ̀ tó gbajúmọ̀ jù. Nígbà tí ètò PrOpCom, tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀, ṣe ìwádìí lórí ọjà Ọfàdà ní nǹkan bí ọdún 2006 àti 2007, bí a ṣe ń bọ̀ ọ́, bí a ṣe ń bó o àti bí a ṣe ń ṣa òkúta rẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n dojú kọ. Oríkì kò lè ṣa òkúta. Lọ́nà kejì, orúkọ Ọfàdà ti fẹ̀ kọjá ìlú náà. Ìrẹsì tí a gbìn sí ibòmíràn ní ilẹ̀ Yorùbá ń jẹ́ Ọfàdà lónìí, olùrà kì í sì í lè dá wọn mọ̀. Ìtàn àti ẹ̀rọ nílò ara wọn: Ọfàdà ní oríkì, ó ń wá ẹ̀rọ, Ìmọ̀tà ní ẹ̀rọ, ó ń wá oríkì.

6. Ìtàn tàbí àlọ́?

Kí ni Ìmọ̀tà lè sọ? Kí a tó dáhùn, ó yẹ kí a wo ọ̀rọ̀ ìtàn fúnra rẹ̀. Àwọn ìwé òwò òde òní máa ń gba oníṣòwò níyànjú pé kí ó sọ ìtàn, wọn kì í sì í ya ìtàn tó ṣẹlẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí a hun. Yorùbá yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹni tó ń pa àlọ́ ti kéde rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, àwọn tó ń gbọ́ sì ti gbà pé ìjàpá kò sọ̀rọ̀ rí. Ẹni tó ń sọ ìtàn wà lábẹ́ òfin mìíràn: a lè bi í léèrè ẹni tó sọ fún un, ẹlòmíràn sì lè dìde láti tako ohun tó sọ. Ọjà tó bá fi àlọ́ ṣe ìtàn yóò bá ohun tí òwe sọ pàdé, pé ẹni tó ta erùpẹ̀ yóò gba owó òkúta.

Ibí yìí ni ewu orúkọ Eko Rice wà. Èkó ni ìpínlẹ̀ tí ilẹ̀ rẹ̀ kéré jù lọ ní Nàìjíríà. Àpò oníkílò 50 mílíọ̀nù 2.5 jẹ́ tọ́ọ̀nù 125,000 ìrẹsì tí a ti bó. Ìrẹsì eléèpo tí yóò mú un jáde yóò pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ gan-an, nítorí pé bí ìdá mẹ́ta bá jẹ́ ìrẹsì eléèpo, nǹkan bí ìdá méjì péré ló ń di ìrẹsì funfun. Ilẹ̀ Èkó kò lè hu gbogbo rẹ̀. Láti àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn ni púpọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti wá. Bí ìpolówó bá jẹ́ kí olùrà rò pé oko Èkó ni ìrẹsì náà ti wá, àlọ́ ni. Bí ó bá sọ pé Èkó ni wọ́n ti bó o, òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ó fi àgbẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn.

Ìtàn òtítọ́ kan wà nílẹ̀ tó lè gba àwọn méjèèjì mọ́ra, Ìkòròdú gan-an ni ó sì ni ín. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, Ìkòròdú ni èbúté tí ẹrù ilẹ̀ Rẹ́mọ ń gbà bọ́ sí ọ̀sà láti dé Èkó. Nítorí ọ̀nà yìí ni àwọn Ẹ̀gbá fi dó ti ìlú náà ní ọdún 1865, títí tí Glover fi kó ọmọ ogun wá lé wọn. Ìkòròdú kò di ìlú pàtàkì nítorí pé òun nìkan ń gbin oúnjẹ. Ó di pàtàkì nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ ni oúnjẹ àti ẹrù ẹlòmíràn ń gbà kọjá, àwọn ará ibẹ̀ sì mọ ohun tí àwọn tó wà ní èbúté kejì ń fẹ́. Ilé-iṣẹ́ Ìmọ̀tà ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn lónìí. Ìrẹsì ń ti ilẹ̀ jíjìn wá síbẹ̀, a ń bọ̀ ọ́, a ń bó o, a ń ṣa òkúta rẹ̀, a sì ń kó o lọ sí ìgboro. Bí a bá kọ orúkọ ìpínlẹ̀ tí ìrẹsì inú àpò ti wá sára rẹ̀, bí a bá sọ oṣù tí wọ́n kórè rẹ̀, olùrà yóò mọ ohun tó ń rà. Àgbẹ̀ yóò sì ní orúkọ nínú ìtàn, dípò kí ó jẹ́ iye tí a kà.

Bí ìtàn bá ti wà báyìí, oríkì kò ní ṣòro láti rí. Kì í ṣe ní ọ́fíìsì ni a ó ti wá a. Kí a gbé ìrẹsì náà fún ọgọ́rùn-ún ìyá olóúnjẹ láti Odogunyan dé Ṣàbó, kí wọ́n sè é fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí a sì gba ohùn ohun tí wọ́n bá ń sọ fún ara wọn nípa rẹ̀ sílẹ̀. Bí ó bá wú, wọn yóò sọ bó ṣe wú. Bí ó bá ní àléébù, àwọn ni yóò kọ́kọ́ sọ ọ́, ilé-iṣẹ́ yóò sì mọ ohun tó yẹ kó tún ṣe kí ó tó náwó sórí pátákó ìpolówó. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá, tí a ti kọ́ láti gba ewì alohùn sílẹ̀ kí wọ́n sì tú u, yẹ fún iṣẹ́ yìí ju bí àwọn tó ń ṣe ìwádìí ọjà ti lè rò lọ.

7. Ìkádìí

A ti rí i pé ìjọba Èkó kò kùnà láti sọ ìtàn ìrẹsì rẹ̀. Ìtàn náà tóbi, àwọn iye inú rẹ̀ sì wúni lórí. Àléébù rẹ̀ ni pé ìbéèrè tí ìjọba ń bi ara rẹ̀ ló dáhùn: báwo ni a ó ṣe bọ́ ara wa? Ìbéèrè ẹni tó dúró níwájú ìsọ̀ kúrú ju èyí lọ: ṣé ó ní òkúta, ṣé ó ń wú, ṣé mo lè ra dẹ́ríkà kan? Ìpolówó Yorùbá ti ń dáhùn irú ìbéèrè báyìí láti ìgbà tí a ti ń kiri ọjà, oríkì Ọfàdà sì fi hàn pé ìdáhùn tó bá tẹ́ni lọ́rùn lè pẹ́ ju ìjọba tàbí ilé-iṣẹ́ èyíkéyìí lọ.

Ìbéèrè méjèèjì kò tako ara wọn. Orílẹ̀-èdè kò lè bọ́ ara rẹ̀ bí àwọn tó ń jẹun níbẹ̀ kò bá fẹ́ oúnjẹ náà. Àmọ́ ìbéèrè kékeré ni a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dáhùn, nítorí ìyá olóúnjẹ ló ń ra àpò kejì.